Ọgbọ́n Ìdíje àti Ìmúra Ara nínú Ìdíje Kẹ̀kẹ́ Onípele Kúkurú

Ìdíje kẹ̀kẹ́ onípele ni ìdíje tí a pín sí ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń gbéra láti ìlú kan lọ sí òmíràn lójoojúmọ́, tí a sì ń ro gbogbo àkókò tí olúkúlùkù wọn lò lójú ọ̀nà pọ̀ láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn kí a tó mọ ẹni tó gba ipò kìíní. Ìrìn ọjọ́ kan nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìpele. Èyí tó lókìkí jù lọ láyé, Tour de France, ní ìpele 21, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìdíje onípele tí àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe iṣẹ́ ń bá yí kì í ju ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá lọ. Irú èyí náà ló wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Adúláwọ̀: Tour du Faso, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Burkina Faso ní 1987 nígbà ìjọba Thomas Sankara, Tour du Rwanda, tó wọ kàlẹ́ńdà àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé, UCI, ní 2009, àti Tour du Bénin, tó ń wáyé ní orílẹ̀-èdè tó múlé gbe Nàìjíríà, níbi tí àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ń gbé.

Kíkúrú tí àwọn ìdíje wọ̀nyí kúrú kò sọ wọ́n di ohun ìrọ̀rùn. Nínú ìdíje ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tí ara rẹ̀ kò tètè yá lè fara balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó fi ìdíje náà fúnra rẹ̀ ṣe ìdánrawò, kí ó sì yọ agbára rẹ̀ síta nígbà tí wọ́n bá dé orí òkè ńlá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí àárẹ̀ ti mú àwọn tó kọ́kọ́ yára. Ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́jọ kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Àkókò tó bọ́ lọ́jọ́ kìíní ni ènìyàn sábà máa ń wá kiri títí dọjọ́ ìkẹyìn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó lágbára jù ń gba irú ìdíje yìí. Ẹni tó mọ agbára ṣún ná, tí kò sì jẹ́ kí ohunkóhun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ni ó sábà máa ń gbà á.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka àkókò ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọgbọ́n tó kù. Gbogbo ẹni tó bá dé òpin ìpele nínú ọ̀wọ́ kan náà, tí àlàfo gidi kò sí láàárín wọn, àkókò kan ṣoṣo ni àwọn adájọ́ ìdíje ń kọ sílẹ̀ fún wọn, ì báà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ náà tàbí ẹni ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí gbogbo wọn jọ dé, kò sí ẹni tó jèrè lára ẹnìkejì rẹ̀, àfi nípasẹ̀ ẹ̀bùn àkókò, èyí tó jẹ́ pé a ń yọ ìṣẹ́jú àáyá 10 kúrò nínú àkókò ẹni tó kọ́kọ́ dé, 6 fún ẹni kejì, 4 fún ẹni kẹta. Lójú ọ̀nà pẹ̀lú, wọ́n máa ń fa ìlà sí ibì kan tàbí méjì tí ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá kọjá níbẹ̀ yóò ti gba ẹ̀bùn 3, 2 àti 1. Ẹni tí kò bá mọ bí ìdíje yìí ṣe ń lọ lè rò pé eré ọmọdé ni ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo fún ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni Greg Van Avermaet fi ṣíwájú Peter Sagan nígbà tí ó gba Tirreno–Adriatico ní ilẹ̀ Ítálì ní 2016.

Paris–Nice ti 2017 ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ju bí ìwé òfin ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́jọ ni, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é lóṣù kẹta ọdún. Lọ́jọ́ kìíní, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fọ́ ọ̀wọ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, Alberto Contador ará Sípéènì, ẹni tó ti gba Tour de France rí, sì wà lára àwọn tó há sẹ́yìn. Nígbà tí ó fi di òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, ìṣẹ́jú àáyá 31 ni Sergio Henao ará Kòlóńbíà fi wà níwájú rẹ̀. Contador já síwájú lórí àwọn òkè tó yí ìlú Nice ká nígbà tí ọ̀nà ṣì jìn sí òpin, ó ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, Henao sì ń lé e bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú, David de la Cruz, ọmọ Sípéènì bíi ti Contador ṣùgbọ́n tó wà nínú ikọ̀ mìíràn, ló kọ́kọ́ fi táyà kan ìlà, ó gba ẹ̀bùn 10. Contador ṣe ipò kejì, ó gba 6. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ni Henao fi gba ìdíje náà. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó wà láàárín ẹ̀bùn ipò kìíní àti ti ipò kejì ìbá ti tó láti sọ Contador di olúborí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí orí ìlà ìparí yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú ìmọ̀ wò ó yóò rí i pé ọjọ́ kìíní, nínú afẹ́fẹ́, ni ìdíje náà ti bọ́ lọ́wọ́ Contador.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí agunkẹ̀kẹ́ ní láti mọ̀. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí ó ń ná ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ẹni tó bá sì sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn lè dín ohun tí ó ń ná kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà tí ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn ọ̀wọ́ ńlá ń jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti iwájú, kò sí wàhálà púpọ̀, nítorí ẹ̀yìn ẹni iwájú gan-an ni ibi ìsápamọ́ wà. Ìgbà tó bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà, nítorí ibi ìsápamọ́ náà ti kúrò lẹ́yìn, ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì di dandan kí àwọn agunkẹ̀kẹ́ tò ní ìlà tó dábùú ọ̀nà, kí ejìká ẹnì kan máa bo ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà kò sì fẹ̀ ju ohun tó lè gba ènìyàn bíi mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní irú ìtò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù yóò máa tò gọọrọ lẹ́bàá kòtò ọ̀nà, láìsí ààbò kankan, táyà kan lẹ́yìn òmíràn, títí tí ẹnì kan láàárín wọn yóò fi dẹ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, tí àlàfo mítà márùn-ún yóò sì yọ níwájú rẹ̀. Àlàfo náà ni yóò di ọgọ́rùn-ún mítà kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ikọ̀ tó gbọ́n kì í dúró de afẹ́fẹ́; wọ́n ti yẹ àwòrán ọ̀nà wò lálẹ́ àná, wọ́n mọ ibi tí ọ̀nà yóò ti yà kúrò lábẹ́ igi bọ́ sí gbangba, wọ́n sì ń kó gbogbo ara wọn síwájú kìlómítà mélòó kan kí wọ́n tó débẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ ilẹ̀ Burkina Faso, tó tẹ́jú, tí igi kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ọyẹ́ sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀ lákòókò tí Tour du Faso ń wáyé, jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ọgbọ́n yìí.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀yẹ dá lọ́lá, ikọ̀ ló ń gba ìdíje. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní olórí, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń retí pé yóò gba ipò nínú ìṣirò àkókò àpapọ̀, àwọn tó kù sì jẹ́ ìránṣẹ́ fún un: wọ́n ń gé afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀, wọ́n ń padà sẹ́yìn lọ gba omi nínú ọkọ̀ ikọ̀, wọ́n sì ń bọ́ táyà tiwọn fún un bí tirẹ̀ bá jò. Nínú ìdíje ọlọ́sẹ̀ kan tó tóbi jù ní Yúróòpù, ènìyàn 7 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú wá, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, wọn kì í ju 5 tàbí 6 lọ, ìyàtọ̀ díẹ̀ yìí sì ń tún gbogbo ọgbọ́n ìdíje tò. Ènìyàn márùn-ún kò lè dá ọ̀wọ́ ńlá dúró lójoojúmọ́. Bí olórí wọn bá tètè wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, èyí tí ẹni tó wà nípò kìíní ń wọ̀, àṣà ni pé ikọ̀ rẹ̀ ni yóò máa wà níwájú láti lé gbogbo ẹni tó bá já síwájú, bí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ní sí ẹsẹ̀ kankan tó kù láti ràn án lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí òkè bá dé.

Èyí ló fà á tí olùdarí ikọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń fi ẹ̀wù náà tọrẹ fún ìgbà díẹ̀. Yóò jẹ́ kí ẹnì kan tí kò lè gun òkè, tó sì ti há sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, já síwájú lọ gbé e wọ̀, kí ikọ̀ ẹni náà lè gba iṣẹ́ ìṣọ́nà ṣe. Ewu wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n rò pé kò lè ṣe nǹkan kan lè jèrè ìṣẹ́jú púpọ̀ ju bí wọ́n ṣe gbèrò lọ, àti pé nínú ìdíje kúkurú, ọjọ́ tí wọ́n ó fi gbà á padà kò pọ̀. Ẹ̀tọ́ sì ni kí ikọ̀ méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí pa ọwọ́ pọ̀ fún wákàtí kan bí àǹfààní wọn bá pàdé: ikọ̀ tó ní ẹni tó ń sáré ìparí, tó fẹ́ kí gbogbo ọ̀wọ́ jọ dé, yóò bá ikọ̀ ẹni tó wọ ẹ̀wù ìyeyè lé àwọn tó já síwájú, láìsí ìwé àdéhùn kankan. Nígbà mìíràn, gbogbo ètò lè dára, kí ọ̀nà fúnra rẹ̀ bà á jẹ́. Primož Roglič ará Slovenia ti gba ìpele mẹ́ta nínú Paris–Nice ti 2021, òun ló sì wọ ẹ̀wù ìyeyè bọ́ sí ọjọ́ ìkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, Maximilian Schachmann ará Jámánì sì gba ìdíje mọ́ ọn lọ́wọ́. Ká ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù níwájú ni, bóyá ìtàn náà ìbá yàtọ̀.

Lórí òkè, afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàtàkì mọ́, nítorí eré ti dínkù. Ìwọ̀n ara ni ó kù. Ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀ ni iye agbára tí ẹsẹ̀ lè yọ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí agunkẹ̀kẹ́ wọ̀n, èyí tí ẹ̀rọ kékeré kan lára kẹ̀kẹ́ ń kà ní wáàtì. Àwọn ògbóǹtarìgì agùnkè lè di nǹkan bíi wáàtì 6 fún kìlógíráàmù kan mú fún ìwọ̀n ìdajì wákàtí, ìwọ̀n tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn lásán kò lè dì mú ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Rwanda, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún òkè, ni wọ́n ti ń fi èyí dán ènìyàn wò jù lọ ní Áfíríkà. Kígálì, olú-ìlú rẹ̀, ga tó nǹkan bíi mítà 1,500 sí ojú òkun, ọ̀nà olókùúta kan tó ga ṣánṣán sì wà ní àdúgbò Kimisagara tí wọ́n ń pè ní Mur de Kigali, ìyẹn Ògiri Kígálì, tí ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti àgbáyé tó kọ́kọ́ wáyé lórí ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, gbà kọjá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni kí ènìyàn tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ fò síwájú nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ààlà agbára ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré yóò san án padà ní ìlọ́po lókè, nítorí àárẹ̀ tó ń gbá jọ sínú iṣan kì í tètè túká nígbà tí ọ̀nà ṣì ń gòkè. Ẹni tó gbọ́n yóò jẹ́ kí àlàfo mítà ogún yọ, yóò máa gun ìwọ̀n tirẹ̀, yóò sì bá ẹni náà níbi tí àárẹ̀ ti mú un.

Òkè kéékèèké tó tẹ̀ léra ní ìṣòro tirẹ̀, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ gúúsù Èkìtì sì jẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ wọ Ìkẹ́rẹ́, níbi tí òkè Olósùnta ti yọrí sójú ọ̀run, tàbí èyí tó ti Ìkẹ́rẹ́ já sí Ìṣẹ́ àti Èmùré, mọ bí ilẹ̀ ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀ láìdúró pẹ́ ní ojú kan. Kò sí ọ̀kan nínú irú ìgòkè bẹ́ẹ̀ tó gùn tó láti fọ́ ìdíje, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ń bu díẹ̀ kúrò lára agunkẹ̀kẹ́, ó sì di dandan kí ó wà níwájú nísàlẹ̀ òkè, kí ó lè rọra yọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ti ń gùn ún, kí ó sì tún wà láàárín ọ̀wọ́ nígbà tí wọ́n bá dé orí rẹ̀. Irú ilẹ̀ yìí ló bá Biniam Girmay ará Eritrea mu jù lọ, ẹni tó lè gun òkè kúkurú láìṣubú sẹ́yìn, tó sì tún lè sáré ìparí bí ẹni tí kò gun òkè kankan. Ó ti gba ìpele nínú La Tropicale Amissa Bongo, ìdíje ọlọ́sẹ̀ kan ti ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù, kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ní 2024, ó gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó kó ojú àmì jọ jù.

Gbogbo ọgbọ́n tí a ti sọ kò wúlò fún ara tí kò jí pépé. Ara jíjí pépé, ní èdè eré yìí, ni àkókò díẹ̀ láàárín ọdún tí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan ẹsẹ̀ wà ní ipò tó ga jù tí wọ́n lè dé, tí àárẹ̀ ìdánrawò sì ti kúrò lára. Nǹkan méjì yìí kì í sábà wá pọ̀, nítorí iṣẹ́ líle tó ń mú agbára wá ló ń mú àárẹ̀ wá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń mú kí wọ́n pàdé ni pé, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti fi ṣe iṣẹ́ gígùn àti iṣẹ́ kíkan, wọn yóò dín iye wákàtí ìdánrawò kù ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ìdíje, ṣùgbọ́n wọn kì í dín kíkan rẹ̀ kù, kí ara má baà sùn. Bí iṣu inú àká ni agbára yìí rí nígbà tí ìdíje kúkurú bá bẹ̀rẹ̀: a lè bù ú jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n a kò lè gbin òmíràn kí ó ta láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí olórí ikọ̀ kan lè fi dà bí ẹni tí kò ní agbára ní Tour du Rwanda lóṣù kejì ọdún, nígbà tí ọmọ ìlú kékeré kan láti Eritrea ń fò lórí òkè kan náà. Ara ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ń múra fún oṣù keje, ti ẹnìkejì ni wọ́n múra fún ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ibùgbé pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀: Asmara, tí ọ̀pọ̀ agunkẹ̀kẹ́ Eritrea ti ń ṣe ìdánrawò, ga ju mítà 2,300 lọ, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ara tó bá sì ti mọ́ ọn lára máa ń ní ẹ̀jẹ̀ tó lè gbé atẹ́gùn dáadáa.

Ooru jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí títí tí yóò fi bá wọn. Ara máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ó tó mọ bí a ti ń làágùn láti tu ara nínú ooru, ẹni tó bá sì dé láti ibi òtútù ní ọjọ́ méjì sí ìdíje yóò ti lo gbogbo ìpele tán kí ooru náà tó mọ́ ọn lára. Omi nìkan kò tó. Iyọ̀ tó bá òógùn lọ gbọ́dọ̀ padà, ṣúgà tí iṣan ń jó sì gbọ́dọ̀ máa wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpele, gíráàmù 60 sí 90 láàárín wákàtí kan, èyí tí àwọn kan ti gbé dé 120 ní àkókò yìí. Ẹni tó bá dúró de ebi kó tó jẹun ti pẹ́ jù. Àìsàn sì wà tó burú ju ooru lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, Fausto Coppi, ọ̀gá àwọn agunkẹ̀kẹ́ Ítálì, lọ díje ní Ouagadougou pẹ̀lú Jacques Anquetil, Raphaël Géminiani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ibà ẹ̀fọn mú Coppi àti Géminiani. Àwọn dókítà ní ilẹ̀ Faransé mọ ohun tó ń ṣe Géminiani, wọ́n fún un ní kuníìnì, ó yè. Àwọn tó ń tọ́jú Coppi ní Ítálì kò mọ̀ ọ́n, ó sì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1960, ní ẹni 40 ọdún. Láti ìgbà náà, kò sí ikọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe tí kì í mú oògùn ibà dání wá sí apá Áfíríkà wa yìí.

Láàárín òpin ìpele kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, nǹkan bíi wákàtí méjìdínlógún ló wà, iṣẹ́ ìdíje sì ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Agunkẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìlà gbọ́dọ̀ mu ohun aládùn, kí ó sì jẹ ìrẹsì láàárín wákàtí àkọ́kọ́, nígbà tí iṣan ń gba ṣúgà wọlé kíákíá jù. Lẹ́yìn èyí ni wíwọ́ ẹsẹ̀, lẹ́yìn èyí ni oorun, tó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, tó sì sábà máa ń ṣòro rí ní ilé ìtura tí iná mànàmáná rẹ̀ kò dúró déédéé. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dìde lórí ibùsùn, wọn yóò ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bí ti ìránṣẹ́ kan bá yára ju bó ti ṣe yẹ lọ, olùdarí mọ̀ pé àárẹ̀ àná kò tíì lọ, yóò sì fi ẹlòmíràn sí iwájú ọ̀wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele, yóò fi ẹni tó rẹ̀ náà pamọ́ sí àárín títí dé kìlómítà ogún ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ó ti nílò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré láti gbé olórí wọn dé ìsàlẹ̀ òkè.